Ìyá mi ní kí n má dirun fún ọmọ mi mọ́: ẹ̀yin bàbá ìwòyí, ẹ bá mi dá sí i

Aránṣọ_Ìtòkú

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀ tí mo fẹ́ kí ẹ bá mi dá sí kí ọjọ́ Sátidé tó pé.

Abẹ́òkúta ni mo ń gbé, aṣọ ni mo ń rán. Iwájú ilé wa ni ṣọ́ọ̀bù mi wà. Báńkì ni ìyàwó mi ti ń ṣiṣẹ́. Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa ló ti ń jáde, ilẹ̀ á ti ṣú kó tó wọlé. Ọmọ méjì la bí. Obìnrin ti pé ọdún márùn-ún, ọkùnrin kò tíì pé méjì. Nígbà tó jẹ́ pé èmi ni mo wà nílé, èmi ni mò ń wẹ̀ wọ́n, èmi ni mò ń se oúnjẹ wọn, èmi ni mò ń mú ẹ̀gbọ́n lọ sílé ìwé. Tí oorun bá ń kun àbúrò, mo máa ń fi ọ̀já pọ̀n ọ́n, màá sì máa gé aṣọ mi lọ. Ìyá onídìrí tó wà ní ṣọ́ọ̀bù kejì ló kọ́ mi ní irun dídì, torí ọjọ́ Sunday nìkan ni ìyàwó mi ń rí sinmi, n kò sì fẹ́ kó fi ìdajì rẹ̀ dirun.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni ìyá mi dé láti Ọ̀dẹ̀dá. Láàárọ̀ Sunday, wọ́n jáde síta, wọ́n bá mi lórí àpótí, orí ọmọ wà láàárín orúnkún mi, òòyà wà lẹ́nu mi, ìgò òróró àgbọn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ mi. Wọn ò sọ nǹkan kan. Wọ́n padà wọlé, wọ́n bú sẹ́kún. Kí ilẹ̀ tó ṣú, wọ́n ti pe àbúrò bàbá mi lórí fóònù pé ìyàwó ti fún mi ní nǹkan jẹ, pé ọkùnrin tí àwọ́n bí ti di ìyá ọmọ. Bí ìpàdé ẹbí ṣe di ọjọ́ Sátidé yìí nìyẹn.

Ìyàwó mi ti ń sọ pé òun á fi iṣẹ́ sílẹ̀ kí ọkàn gbogbo èèyàn lè balẹ̀. Èmi ò fẹ́. Mo fẹ́ràn ohun tí mò ń ṣe yìí, mo sì fẹ́ràn ìyá mi. Kí ni kí n sọ fún wọn?

Ìyá_Aláṣọ

Àbúrò, ẹ pẹ̀lẹ́. Ẹ má jẹ́ kó di Sátidé kí ẹ tó bá ìyá yín sọ̀rọ̀. Tí ọ̀rọ̀ bá ti dé iwájú ẹbí, ó máa ń ṣòro fún àgbà láti yí ohùn padà, ojú á máa tì wọ́n. Ẹ wọlé tọ̀ wọ́n lálẹ́, ẹ dọ̀bálẹ̀, kí ẹ jókòó sílẹ̀ lẹ́sẹ̀ wọn, kí ẹ bi wọ́n pé kí gan-an ló ń bà wọ́n lẹ́rù. Èmi náà ti di ìyá ọkọ báyìí, mo mọ̀ pé ẹ̀rù ló wà nídìí irú ẹkún bẹ́ẹ̀. Ohun tí àwọn obìnrin ẹgbẹ́ wọn á sọ ni wọ́n ń rò. Ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti rí ọkùnrin tí wọ́n fi ṣe yẹ̀yẹ́ títí tó fi kó kúrò ládùúgbò torí pé ó ń fọ aṣọ ìyàwó rẹ̀.

Kí ìyàwó yín má fi iṣẹ́ sílẹ̀ o. Ẹbí tó ń ṣèpàdé yẹn ò ní bá yín san owó ilé ìwé.

Àgbà_Ìjẹ̀bú

Ẹ jẹ́ kí àgbà náà sọ tirẹ̀. Mo ti lé ní àádọ́rin ọdún. N kò bá ọ jà, ọmọ mi, ṣùgbọ́n òtítọ́ wà nínú ohun tí ìyá rẹ sọ.

Bàbá mi kò pọ̀n mí rí. N kò bá wọn nídìí ààrò lọ́jọ́ kan. Tí a bá ti gbúròó kẹ̀kẹ́ wọn láti oko, gbogbo ilé á pa rọ́rọ́, ẹni tó ń ṣeré á sáré lọ gbé ìwé. Iwe adìẹ, tiwọn ni; kò sẹ́ni tó ń bá wọn dù ú. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo fẹ́ wọ girama, oko kòkó wọn ni wọ́n fi dógò fún owó ilé ìwé mi. Wọn ò sọ fún mi. Ọdún tí wọ́n kú ni mo tó gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíràn. Ìfẹ́ bàbá nìyẹn lójú tèmi, kò pariwo, kò sì béèrè ọpẹ́.

Tí baálé bá wá ń pọnmọ níwájú ṣọ́ọ̀bù, tó tún ń dirun, lọ́jọ́ tí ọmọ bá ṣìwà hù, ta ni yóò bẹ̀rù? Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, ẹ máa ń rò pé gbogbo ohun tí ẹ bá nílẹ̀ ló yẹ kí ẹ dànù.

Olùkọ́_Ìtàn

Bàbá, mo dọ̀bálẹ̀. Irú bàbá yín tó fi oko dógò ti wọ́n, kí Ọlọ́run tẹ́ wọn sáfẹ́fẹ́ rere. Ohun kan ni mo fẹ́ ká jọ wò. Nínú agbo ilé tí wọ́n ti tọ́ yín, ìyá àgbà wà níbẹ̀, ìyàwó bàbá wà níbẹ̀, àwọn ẹ̀gbọ́n tó ti tójú bọ́ wà níbẹ̀. Tí ìyá yín bá gbé igbá lọ sọ́jà, ẹ̀yìn bíi mẹ́ta ló ń dúró de ọmọ. Bàbá yín ò pọ̀n yín torí kò sẹ́ni tó nílò kí wọ́n pọ̀n yín. Ilé aránṣọ yìí ńkọ́? Ìyàwó wà níbi iṣẹ́, ìyá àgbà wà l'Ọ́dẹ̀dá. Ẹ̀yìn kan ṣoṣo ló kù, ti bàbá sì ni. Ilé ló kọ́kọ́ yí padà kí bàbá tó yí.

Ní ti irun, ẹ jẹ́ ká ṣọ́ra kí a tó sọ pé ọkùnrin kì í ní nǹkan án ṣe pẹ̀lú rẹ̀ nílẹ̀ Yorùbá. Ọ̀yọ́ ni mo ti ń kọ̀wé yìí. Ẹlẹ́gùn-ún Ṣàngó ń dirun bí obìnrin títí dòní, ìyẹn ò sì ní kí ẹnikẹ́ni má bẹ̀rù rẹ̀ nígbà tó bá jáde. Ẹ tún wo aṣọ híhun. L'Ísẹ́yìn, ọkùnrin ló ń hun aṣọ òkè. Obìnrin ló ń hun kíjìpá lórí òfì tirẹ̀ tó dúró lóòró. Òwú kan náà ni. Bí ìlú bá ṣe pín in ni, ìlú sì lè tún un pín.

Ìyàwó_Ilé_Àkúrẹ́

Ọ̀rọ̀ tèmi lè má dùn ún gbọ́. Ọkọ mi wà lára àwọn "bàbá ìwòyí" tí gbogbo ayé ń yìn. Tó bá gbé ọmọ lọ síbi ìsọmọlórúkọ báyìí, fọ́tò á ti dé Facebook, àwọn èèyàn á máa kọ ọ́ síbẹ̀ pé kí Ọlọ́run fún àwọn ní irú ọkọ bẹ́ẹ̀. Èmi tí mò ń gbé ọmọ kan náà láti àárọ̀ dalẹ́, kò sẹ́ni tó yà mí ní fọ́tò. Nígbà tí ara ọmọ gbóná lóru, èmi ni mo jí. Tí ó bá kan pé kí a gba abẹ́rẹ́ àjẹsára, èmi ni mo mọ ọjọ́ rẹ̀.

Nítorí náà, Aránṣọ, mi ò fẹ́ fi ìbínú bi yín o, ṣùgbọ́n mo fẹ́ mọ̀: ṣé ẹ mọ èyí tó kàn nínú abẹ́rẹ́ ọmọ yín?

Aránṣọ_Ìtòkú

Kò sí ìbínú níbẹ̀, mà. Káàdì àwọn méjèèjì wà nínú dúrọ́ọ̀ ẹ̀rọ ìránṣọ mi, lábẹ́ ìwé tí mò ń kọ ìwọ̀n oníbàárà sí. Ti oṣù mẹ́sàn-án tó ní abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú nínú ni àbúrò fi ẹkún rẹ̀ gba gbogbo ọgbà náà. Ti oṣù mẹ́ẹ̀ẹ́dógún náà ti kọjá. Fítámì A tí wọ́n ń kán sí wọn lẹ́nu ní oṣù mẹ́fà mẹ́fà ló kù, títí tí yóò fi pé ọdún márùn-ún.

Ìyàwó_Ilé_Àkúrẹ́

Ẹ ṣeun. Ìyẹn tó fún mi.

Nọ́ọ̀sì_Houston

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ẹnu iṣẹ́ alẹ́ dé ni, mo bá ọ̀rọ̀ yìí. Nọ́ọ̀sì pọ̀ nínú àwa ọmọ Yorùbá tó wà níbí, ọ̀pọ̀ wa ló sì jẹ́ pé òru la fi ń ṣiṣẹ́, torí owó rẹ̀ sàn díẹ̀. Ta lẹ rò pé ó ń fún ọmọ lóúnjẹ alẹ́? Àwọn ọkọ wa ni. Ọkọ tèmi, ọmọ Oǹdó pọ́ńbélé, ló mọ orúkọ olùkọ́ gbogbo wọn, òun ló mọ èyí tí ara rẹ̀ kọ ẹ̀pà.

Kí ẹnì kan tó sọ ọ́ pé ọkùnrin tó bá ń tọ́jú ọmọ á di obìnrin, wọ́n ti yẹ ọ̀rọ̀ yẹn wò. Ní Cebu, lórílẹ̀-èdè Philippines, àwọn olùwádìí tẹ̀ lé ọkùnrin 624 fún bí ọdún mẹ́rin ààbọ̀, wọ́n ń wọn testosterone, èròjà ara tó máa ń pọ̀ lára ọkùnrin, nínú itọ́ wọn. Ọdún 2011 ni wọ́n gbé àbájáde rẹ̀ jáde. Àwọn tí tiwọn pọ̀ níbẹ̀rẹ̀ ló wọ́pọ̀ jù lára àwọn tó padà ní ìyàwó àti ọmọ. Nígbà tí wọ́n di bàbá, ó wá sílẹ̀. Lára àwọn tó ń lo wákàtí mẹ́ta sókè lójúmọ́ nídìí ọmọ, ó kéré ju ti àwọn bàbá tí kì í fọwọ́ kan ọmọ. Ẹ gbọ́ ohun tí mo ń sọ: ara ọkùnrin ti ní ètò tirẹ̀ sílẹ̀ fún ọmọ títọ́. Ẹni tó dá a kò gbàgbé.

Ẹ má sì rò pé òyìnbó ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Àwọn Aka wà nínú igbó Congo àti Central African Republic, àwọ̀n ni tọkọtaya jọ fi ń dọdẹ. Barry Hewlett, olùwádìí tó gbé láàárín wọn, kọ ọ́ sílẹ̀ pé bàbá máa ń gbé ọmọ lọ́wọ́, tàbí kó wà níbi tí ọwọ́ rẹ̀ ti lè tó o, fún bí ìdajì ọjọ́. Ọdẹ ni wọ́n o.

Akọ̀wé_Àbújá

Ẹ kú iṣẹ́ alẹ́, mà. Mo fẹ́ fi nǹkan kan kún un fún àwọn tó ń bá ìjọba ṣiṣẹ́, torí mo rí i pé ọ̀pọ̀ kò mọ̀.

Ní November 2022, Olórí Òṣìṣẹ́ Ìjọba Àpapọ̀ nígbà náà, Dókítà Folasade Yemi-Esan, kọ̀wé sí gbogbo ilé iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ pé òṣìṣẹ́ ọkùnrin tí ìyàwó rẹ̀ bá bímọ ní ẹ̀tọ́ sí ìsinmi ọjọ́ iṣẹ́ 14. Kò gbọ́dọ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ láàárín ọdún méjì, kò sì gbọ́dọ̀ ju ọmọ mẹ́rin lọ. Ẹni tó gba ọmọ tó kéré sí oṣù mẹ́rin tọ́ náà ní ẹ̀tọ́ sí i. Ìwé ilé ìwòsàn tó fi ọjọ́ tí wọ́n ń retí ìbímọ hàn ni wàá fi mọ́ lẹ́tà rẹ. Ìpínlẹ̀ Èkó ti ṣáájú nínú ọ̀rọ̀ yìí: ọdún 2014, nígbà ìjọba Fáṣọlá, ni wọ́n fọwọ́ sí ọjọ́ mẹ́wàá fún àwọn bàbá, fún ọmọ méjì àkọ́kọ́, tí wọ́n sì fún àwọn ìyá ní oṣù mẹ́fà.

Nígbà tí mo gbé lẹ́tà tèmi dé ọ̀dọ̀ ọ̀gá mi, wọ́n kà á, wọ́n wò mí, wọ́n ní "Ṣé ìwọ lo bímọ ni?" Gbogbo ọ́fíìsì rẹ́rìn-ín. Mo dákẹ́, mo dúró síbẹ̀ títí wọ́n fi fọwọ́ sí i. Ìyàwó mi ṣe iṣẹ́ abẹ ni. Kò lè tẹ̀ sílẹ̀ gbé ọmọ. Tí n kò bá sí nílé, ta ni ì bá gbé e fún un láti fún un lọ́mú? Àwọn tó rẹ́rìn-ín yẹn, méjì nínú wọn ti wá bá mi níkọ̀kọ̀ pé kí n fún àwọn ní ẹ̀dà ìwé náà.

Ṣùgbọ́n ìbànújẹ́ ibẹ̀ ni pé òṣìṣẹ́ ìjọba kéré níye. Oníṣòwò, awakọ̀, kápẹ́ńtà, aránṣọ, kò sẹ́ni tó fún wọn ní ọjọ́ kankan, ọjọ́ tí wọn ò bá ṣí ṣọ́ọ̀bù ni ọjọ́ tí wọn ò jẹun.

Bàbá_Ìbejì

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí tèmi ṣe bẹ̀rẹ̀, torí kò sí nínú ohun tí mo rò tẹ́lẹ̀.

Oṣù ò tíì pé tí ìyàwó mi fi bí ìbejì. Èyí tó wúwo jù nínú wọn kò tó kílò méjì. Ilé ìwòsàn tí a wà, ẹ̀rọ tí wọ́n ń gbé irú ọmọ bẹ́ẹ̀ sí kò tó nǹkan, iná sì ń lọ. Nọ́ọ̀sì àgbà kan wá bá mi ní kọ́rídọ̀. Wọ́n ní, "Bàbá Ìbejì, ẹ bọ́ ẹ̀wù yín." Mo rò pé mi ò gbọ́ dáadáa. Wọ́n tún un sọ. Wọ́n gbé Kẹ́hìndé wá, ìdí rẹ̀ nìkan ni wọ́n di nápíìnì sí, wọ́n dé e ní fìlà, wọ́n gbé e lé mi láyà, awọ ara kan awọ ara, ẹsẹ̀ rẹ̀ ká bí ti ọ̀pọ̀lọ́, wọ́n yí orí rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ lè ṣí, wọ́n wá fi ìró ìyàwó mi dì wá pọ̀. Ìyàwó mi ń ṣe Táíwò bákan náà lórí bẹ́ẹ̀dì.

Nọ́ọ̀sì yẹn ló ṣàlàyé fún mi. Ìlú Bogotá ní Colombia ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lọ́dún 1978, nígbà tí ọmọ pọ̀ ju ẹ̀rọ lọ. Ara àgbàlagbà ń mú ọmọ móoru, mímí rẹ̀ á wá máa lọ déédéé, kò ní máa fi agbára tó yẹ kó fi sanra gbọ̀n. Lọ́dún 2022, Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní kíá tí wọ́n bá ti bí ọmọ tó kéré, kó tó di pé wọ́n gbé e lọ síbòmíràn. Ìyá ló sábà máa ń ṣe é. Ṣùgbọ́n ìbejì ni tiwa, àyà ìyá kan ò sì lè gba méjì nígbà gbogbo. Ilẹ̀ Yorùbá tí a ti ń bí ìbejì tó báyìí, tí Ìgbò-Ọrà wà nínú rẹ̀, ó yẹ kí gbogbo bàbá ti mọ̀ ọ́n.

Ohun tó le jù ni aṣọ́nà. Tí mo bá jáde lọ ra nǹkan, kì í jẹ́ kí n padà wọlé. Ó ní wọ́ọ̀dù obìnrin ni, àfi aago tí wọ́n ń ṣe àbẹ̀wò. Kò sí àga kankan fún bàbá níbẹ̀. Orí báṣíà tí mo dojú rẹ̀ dé ni mo ń jókòó. Àwọn tó ń bẹ àwọn aláìsàn wò a máa pe ara wọn wá wò mí. Nígbà tó di lálẹ́ ọjọ́ kan, mo rí i pé èémí Kẹ́hìndé ti ń bá tèmi lọ, ó ń mí nígbà tí mo bá mí. Láti ọjọ́ yẹn, kò sí ẹnikẹ́ni tó lè sọ fún mi pé iṣẹ́ obìnrin ni.

Wọ́n ti wọ ilé ìwé báyìí. Aránṣọ, tí ẹbí bá bi ọ́, sọ fún wọn pé bàbá ìbejì kan ní kí o kí wọn.

Ará_Peckham

Ẹ kú ọ̀rọ̀. Èmi jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ọkùnrin tó bá ìyàwó wọn dé ìlú ọba. Ìyàwó mi ló gba físà, iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn arúgbó ló bá dé. Orúkọ tèmi wà lábẹ́ tirẹ̀. (Àwọn tó dé lẹ́yìn wa ò lè ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́. Láti 11 March 2024 ni wọ́n ti ní kí àwọn olùtọ́jú má mú ọkọ, aya tàbí ọmọ dání.) L'Óṣogbo, ọ̀gá ni wọ́n ń pè mí níbi iṣẹ́. Níbí, ìyàwó mi á lọ láti àárọ̀ di alẹ́, èmi á mú ọmọ lọ sílé ìwé, màá padà wá se oúnjẹ, màá fọ aṣọ, màá tún lọ mú wọn, kí n tó lọ síbi iṣẹ́ tèmi lálẹ́.

Mo fẹ́ sọ òótọ́ fún Aránṣọ: ó ṣòro. Ọmọ títọ́ gan-an kọ́ ló le. Ní ẹnu ọ̀nà ilé ìwé, àwọn ìyá á dúró jọ, wọ́n á máa sọ̀rọ̀, èmi á dá dúró sí kọ̀rọ̀. Tí àwọn ará ilé bá pe fóònù, wọ́n á ní "Ṣé ìyàwó ti wá di ọkọ báyìí?" Mo mọ àwọn ọkùnrin tí ọ̀rọ̀ yẹn ba ayé wọn jẹ́, ọtí ni wọ́n fi ń pa á rẹ́, àwọn mìíràn ń lu ìyàwó. Ẹ má fi ṣeré. Ẹ̀yin ìyá àti ẹ̀gbọ́n tó wà nílé, ẹ ṣọ́ ẹnu yín lórí fóònù.

Ohun tó wú mi lórí ni èdè. Torí pé èmi ni mo wà pẹ̀lú wọn, àwọn ọmọ mi gbọ́ Yorùbá. Tí mo bá ń fi kànrìnkàn fọ ẹsẹ̀ wọn, oríkì wọn ni mò ń kì. Àbíkẹ́yìn, Àdùkẹ́, ti mọ̀ ọ́n débi pé tí mo bá fò ìlà kan, á ní kí n padà sẹ́yìn.

Àgbà_Ìjẹ̀bú

Mo ti ka gbogbo ohun tí ẹ kọ, mo sì dúpẹ́ pé ẹ kò bú mi. Ti ìbejì yẹn wọ̀ mí lákínyẹmí ara. Tó bá jẹ́ pé èmi ni wọ́n ní kí n bọ́ ẹ̀wù, n kò mọ̀ bóyá màá bọ́ ọ. Oríkì tí Ará Peckham ń kì, bàbá mi náà máa ń kì í fún wa láàárọ̀, kí a tó dìde kúnlẹ̀, kí a dọ̀bálẹ̀. Ẹ ṣeun tí ẹ rán mi létí.

Síbẹ̀, ìbéèrè mi kò tíì rí ìdáhùn. Ìbáwí ńkọ́? Ọmọ tó ti rí bàbá rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀já lẹ́yìn, tó ti rí i tó ń rokà, ṣé á gbọ́ràn sí i lẹ́nu nígbà tó bá di ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún? Mo bi yín tọkàntọkàn ni.

Ọmọ_Bàbá_Rẹ̀

Bàbá, mo kúnlẹ̀. Mo rò pé mo lè dáhùn ìyẹn, torí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ni mí.

Ìlọrin ni wọ́n ti tọ́ wa. Ìyá wa kú nígbà tí mo wà ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Àwọn ẹbí fẹ́ pín wa, kí ẹnì kan lọ sọ́dọ̀ àǹtí ní Jẹ́bà, kí ẹnì kejì lọ sí Kànó. Bàbá wa ní ọmọ òun ò ní kúrò lọ́dọ̀ òun. Ẹ̀yà ara ọkọ̀ ni wọ́n ń tà. Wọn ò mọ irun dídì, torí náà gígẹ̀ ni wọ́n ń gẹ̀ ẹ́ fún èmi àti àbúrò mi; a dàbí ọmọkùnrin títí a fi jáde ìwé mẹ́fà. Wọ́n kọ́ ọbẹ̀ gbẹ̀gìrì sísè lọ́wọ́ ìyá olóńjẹ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù wọn.

Ọjọ́ tí mo rí nǹkan oṣù mi àkọ́kọ́, mo sá pamọ́ sí ilé ìwẹ̀. Àbúrò mi ló lọ sọ. Bàbá mi dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn, wọ́n ní kí n má bẹ̀rù, pé nǹkan rere ni. Wọ́n jáde. Nígbà tí wọ́n dé, wọ́n ti inú ìwé ìròyìn tí wọ́n fi wé e gbé páàdì lé mi lọ́wọ́ láti ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn, wọ́n sì ń ka ohun tí wọ́n kọ sára páálí rẹ̀ sókè fún mi láti ìta, bí èèyàn ṣe ń lò ó, bó ṣe yẹ kí n pààrọ̀ rẹ̀. Ohùn wọn ń gbọ̀n díẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n kà á dé ìsàlẹ̀.

Ní ti ìbáwí, bàbá: nígbà tí mo di ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, ọmọkùnrin kan ní kí a jọ lọ sí pátì kan lóru, gbogbo ẹgbẹ́ mi ló parọ́ fún bàbá tiwọn tí wọ́n sì lọ. Bàbá tiwọn kò mọ ìrìn wọn yàtọ̀ sí ti ẹlòmíràn. Bàbá tèmi á ti rí i lójú mi kí n tó la ẹnu. Mi ò lọ. Pàṣán kò sí nílé wa, ṣùgbọ́n kí wọ́n fajú ro nítorí mi, ìyẹn ni mi ò jẹ́ gbà.

Àgbà_Ìjẹ̀bú

Ọmọ mi, ó tó. Ọlọ́run á jẹ́ kí ẹ̀mí bàbá rẹ gùn. Tí wọ́n bá ti lọ, kí wọ́n sinmi.

Ọmọ_Bàbá_Rẹ̀

Wọ́n wà láàyè, sà. Wọ́n ti di ẹni ọgọ́rin ọdún. Ẹ ṣeun.

Aránṣọ_Ìtòkú

Ẹ kú àdúrótì. Ìpàdé ti kọjá, mo wá jíṣẹ́.

Mo ṣe bí Ìyá Aláṣọ ṣe wí. Lálẹ́ Ọjọ́bọ̀, mo wọlé tọ ìyá mi, mo jókòó sílẹ̀. Wọn ò fẹ́ sọ̀rọ̀ lákọ̀ọ́kọ́. Nígbà tó yá, wọ́n ní nígbà tí àwọ́n lóyún mi, àìsàn dá àwọn dùbúlẹ̀, bàbá mi ló ń pọn omi odò. Ìyá bàbá mi ló lọ pàdé rẹ̀ lọ́nà, tó gba ìkòkò lórí rẹ̀, tó fọ́ ọ mọ́lẹ̀ níwájú àwọn èèyàn. Bàbá mi ò pọn omi mọ́ títí tó fi kú. Ìyá mi ní, "Ojú tí mo rí lójú bàbá rẹ lọ́jọ́ yẹn ni mi ò fẹ́ rí lójú rẹ." N kò gbọ́ ìtàn yìí rí.

Ní Sátidé, àbúrò bàbá mi sọ̀rọ̀ púpọ̀, pé ọkùnrin ni orí. Mo sọ ti ìbejì, mo sọ ti ẹlẹ́gùn-ún Ṣàngó. Ti Ṣàngó bí wọn nínú díẹ̀ torí onígbàgbọ́ ni wọ́n. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin ló wá béèrè pé tí ìyàwó bá fi báńkì sílẹ̀, nínú gbogbo wa tí a jókòó síbí, ta ni yóò máa san owó ilé? Wọ́n bi àwọn ọkùnrin ibẹ̀ léèrè lọ́kọ̀ọ̀kan, orúkọ wọn ni wọ́n ń pè. Ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀.

Ìyàwó mi ò fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ìyá mi bẹ̀ mí pé kí n má dirun ní gbangba mọ́ níwájú ṣọ́ọ̀bù, mo gbà fún wọn, inú ilé ni n ó ti máa ṣe é. Wọ́n ní kí n má pọnmọ mọ́, ìyẹn ni mi ò gbà. Inú wọn ò tíì dùn. Àmọ́ wọ́n ti ní àwọn á dúró di oṣù tó ń bọ̀.

Ìyàwó_Ilé_Àkúrẹ́

Kí ló dé tí ẹ gbà láti máa sá pamọ́? Tí àwọn ọkùnrin àdúgbò ò bá rí yín, báwo ni wọ́n á ṣe kọ́ ọ?

Aránṣọ_Ìtòkú

Òótọ́ lẹ sọ, mà. Ṣùgbọ́n ìkòkò tí wọ́n fọ́ yẹn wà lọ́kàn mi. Mo lè gba ìyẹn fún wọn.

Ẹ jọ̀wọ́, ìbéèrè kan kù. Irun iwájú orí ọmọ mi ti ń fọ́n, ní ẹ̀gbẹ́ etí méjèèjì. Ṣé ọwọ́ mi ló le ni?

Onídìrí_Mushin

Ọkùnrin ni mí, irun dídì ni mo fi ń jẹun l'Ékòó, àwa ọkùnrin sì pọ̀ nídìí ẹ̀. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ẹ ń fà á jù. Tí ẹ bá dirun tán tí ojú ọmọ ń fà sókè tàbí tí àwọn ìléróro kéékèèké sú sí iwájú orí, ó ti le jù, kí ẹ tú u lọ́jọ́ yẹn gan-an.

Ẹ fi í sílẹ̀ láìdì fún ọ̀sẹ̀ bíi méjì. Lẹ́yìn náà, ẹ má yà á nígbà tó gbẹ. Ẹ wọ́n omi sí i, ẹ fi òróró yẹn sí i, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í yà á láti ṣóńṣó irun wá sí ìdí rẹ̀ lórí. Ẹ má ṣe ṣùkú fún un báyìí, torí iwájú ló ń fà. Ẹ ṣe kòlẹ́sẹ̀, kí ẹ fi irun etí sílẹ̀ níta, ẹ má fi rọ́bà dè é. Òwú dúdú ni kí ẹ lò, kí ẹ sì jẹ́ kí ìka yín kan lè wọ abẹ́ ìdì náà.